Ọbẹ̀ Tó Dùn, Owó Ló Pa Á: Ta Ni Yóò San Owó Ìtọ́jú Àwọn Òkè àti Omi Wa?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, òwe yìí ni mo fẹ́ fi ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ mi lónìí. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí àwọn òkè, ìsun omi àti igbó tí Ẹlẹ́dàá fi jíǹkí ilẹ̀ Yorùbá, àti àwọn èèyàn tí ń fi ẹsẹ̀ wọn rìn lọ wò wọ́n. Ìbéèrè tí mo fẹ́ bi ara mi, tí mo sì fẹ́ bi yín, kò gùn rárá. Bí a bá ní kí àlejò san owó tó ju èyí tó ń san lẹ́nu ọ̀nà lọ, kí a lè tún ibẹ̀ ṣe, ǹjẹ́ yóò san án? Bí ó bá sì ṣe tán láti san án, ǹjẹ́ ó tọ́ kí a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?

Ìyá mi ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ wọn kó wọn lọ wo omi kan tó ń já wálẹ̀ láti orí àpáta. N kò ní dárúkọ ibẹ̀, nítorí pé n kò wá láti ba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́. Láti ìgbà náà ni ìyá mi ti ń sọ̀rọ̀ omi yìí fún wa: bí ìrì rẹ̀ ṣe ń ta sí ènìyàn lójú kí ènìyàn tó dé ìdí rẹ̀, àti bí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ṣe ń pariwo tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohùn ẹnì kejì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pé ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, wọ́n ní ẹ̀bùn kan ṣoṣo tí àwọn ń fẹ́ lọ́wọ́ mi ni kí n mú àwọn padà lọ síbẹ̀.

A lọ ní ọjọ́ Sátidé kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gba owó lọ́wọ́ wa lẹ́nu ọ̀nà, ó kì í bọ àpò. Mo béèrè rìsíìtì, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa wọlé, kò sí ẹni tí yóò bi yín." Òótọ́ ló sọ, kò sí ẹni tó bi wá ní ohunkóhun láti ìgbà náà títí a fi kúrò níbẹ̀. Àgbàrá ti wọ́ ilẹ̀ ojú ọ̀nà lọ, ó ku gbòǹgbò igi àti òkúta. Irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ kí ènìyàn lè máa dì í mú ti dípẹtà, apá kan rẹ̀ sì ti wó sínú igbó. Ọ̀rá omi wà káàkiri bí ewé tó wọ́ sílẹ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Nígbà tí a rìn dé ìdajì ọ̀nà, ìyá mi fẹ́ tọ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, koríko sì ti bo àtẹ̀gùn rẹ̀.

Àgbàlagbà obìnrin kò lè wọ inú igbó níwájú àwọn ọmọdé tí ń lọ tí ń bọ̀. A yí padà. Ìyá kan tó ń ta bọ̀ọ̀lì lẹ́bàá ọ̀nà ló mú wọn lọ sí ilé rẹ̀ ní abúlé, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Nígbà tí wọ́n fi máa jáde, ó ti rẹ̀ wọ́n, orúnkún sì ti ń dùn wọ́n. Wọ́n gbọ́ ìró omi náà láti ibi tí wọ́n jókòó sí, wọn kò rí i. Nínú ọkọ̀ ni wọ́n ti sọ fún mi pé, "Àjàní, ǹ bá san ìlọ́po mẹ́ta owó yẹn, ká ní mo rí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́ àti ohun tí mo lè dì mú gun òkè."

Gbólóhùn kan yìí ni àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lé lórí. Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo èdè wa, nítorí pé ó ní ohun tó fẹ́ kọ́ wa. Nínú èdè Yorùbá, "mo fẹ́ san", "mo lè san" àti "mo ṣe tán láti san" kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó ní òun fẹ́ san ń sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹni tó ní òun lè san ń sọ bí àpò rẹ̀ ṣe rí. Ẹni tó ní òun ṣe tán ti pa méjèèjì pọ̀: ọkàn rẹ̀ wà níbẹ̀, owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti fi ohun mìíràn tí ìbá fi owó náà ṣe sílẹ̀. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ń wá orúkọ tí yóò fún èrò yìí ní Yorùbá, "ìmúratán láti sanwó" ni mo rò pé ó dára jù. Ẹni tó bá pè é ní "ìfẹ́ láti sanwó" lásán ti jẹ́ kí ìdajì ìtumọ̀ rẹ̀ bọ́ sọnù.

Ìtàn èrò náà kò kúrú. Ní ọdún 1947, onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan tó ń jẹ́ Ciriacy-Wantrup dábàá pé a lè bi àwọn ènìyàn léèrè iye tí wọ́n yóò san fún àǹfààní tí a kì í tà lọ́jà. Ní ọdún yẹn kan náà, Harold Hotelling kọ lẹ́tà sí àwọn aláṣẹ ọgbà ìjọba tó wà fún ìgbafẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ohun tó sọ ni pé kí wọ́n wo ibi tí àlejò ti wá àti iye tó ná kó tó dé, nítorí pé ìyẹn yóò sọ bí ibẹ̀ ṣe níye lórí tó lójú rẹ̀. Ní ọdún 1963, Robert Davis lo ọ̀nà ìbéèrè náà nínú igbó Maine, ó bi àwọn ọdẹ àti àwọn tó wá gbafẹ́ léèrè iye tí wọ́n lè san kí wọ́n má baà pàdánù ibẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi Exxon Valdez da epo rọ̀bì sínú òkun Alaska ní ọdún 1989, ọ̀rọ̀ náà di ti ilé ẹjọ́. Ní ọdún 1993, ìgbìmọ̀ kan tí Kenneth Arrow àti Robert Solow darí, àwọn méjèèjì tó ti gba ẹ̀bùn Nobel, yẹ ọ̀nà náà wò fínnífínní. Wọ́n ní ó ṣe é lò, bí a bá lè ṣọ́ra gidigidi nípa bí a ṣe ń béèrè.

Kí ló dé tí ìṣọ́ra fi pọn dandan? Ẹnikẹ́ni tó bá ti nájà rí ní ọjà wa yóò mọ ìdí rẹ̀. Iye tí olùtajà bá kọ́kọ́ pè ni yóò máa fa iye tí oníbàárà yóò dá lé e. Bí ó bá pe aṣọ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, ìwọ yóò ná an ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Bí ó bá pè é ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, ìwọ yóò ná an ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Aṣọ kan náà ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni iye tí olùwádìí bá kọ́kọ́ dá ṣe máa ń darí ìdáhùn àlejò. Ìgbìmọ̀ ọdún 1993 ní kí á dá iye kan, kí ènìyàn sì dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí á sì rán an létí pé owó tó bá san síbẹ̀ kò ní sí nílé mọ́ láti fi ra ohun mìíràn.

Nílẹ̀ Yorùbá, mo rò pé ìṣòro kan tún wà tó ju èyí lọ. Ọmọlúàbí ni wá, a kì í fẹ́ já ẹni tó wá bá wa sọ̀rọ̀ kulẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan bá dọ̀bálẹ̀ tàbí tó kúnlẹ̀ níwájú ìyá àgbà, tó ní, "Mọ̀mí, ṣé ẹ ó san ẹgbẹ̀rún méjì náírà bí wọ́n bá tún ibí ṣe?", kí ni ìyá yóò sọ? Yóò ní, "Èmi á san án, ọmọ mi." Àdúrà ló ń gbà fún ọmọ náà, kì í ṣe owó ló ń kà. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ ṣe irú ìwádìí yìí ní Ìkògòsì tàbí ní Ìdànrè, ẹ rántí èyí. Ẹ jẹ́ kí àwọn ènìyàn kọ ìdáhùn wọn sínú ìwé, kí wọ́n sì fi bọ inú àpótí láìsí ẹni tó ń wo ojú wọn.

Síbẹ̀, bí a bá tilẹ̀ yọ ìwà ọmọlúàbí kúrò níbẹ̀, ẹ̀rí wà pé ìmúratán náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú Hotelling wò ó. Ẹni tó kúrò ní Èkó lọ sí Ìdànrè ti san owó ọkọ̀, ó ti ra oúnjẹ lójú ọ̀nà, ó ti san owó ilé ìtura, ó sì ti fi iṣẹ́ ọjọ́ kan tàbí méjì sílẹ̀. Nígbà tó bá dé ẹnu ọ̀nà, owó ìwọlé ló kéré jù nínú gbogbo ìnáwó rẹ̀. Ẹni tó ti ná gbogbo èyí kò ní torí owó kékeré kan yí padà ní ìdí òkè. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Kí wá ni ìdí tí a fi ń kùn nígbà tí wọ́n bá fi owó kún owó ìwọlé? Mo bi àwọn bí mélòó kan tí a jọ ń jáde ní ọjọ́ tí mo mú ìyá mi lọ. Kò sí ẹni tó ní òun kò ní san nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹnì kọ̀ọ̀kan ló dá ìbéèrè padà fún mi pé, "Ta ni yóò gba owó náà?" Ìdí ọ̀rọ̀ nìyẹn. Owó kò wọ́n wa tó ìgbẹ́kẹ̀lé.

Àwọn baba ńlá wa mọ èyí. Láyé àtijọ́, oníbodè ń gba owó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tó bá fẹ́ wọ ìlú. Kò sí ẹni tó fẹ́ràn láti san án, ṣùgbọ́n oníṣòwò mọ ẹni tó gbà á, ó mọ ọba tí oníbodè ń ṣojú fún, ó sì retí pé òun yóò pa àgọ́ nínú ìlú láìsí ìbẹ̀rù. Ọ̀nà odò náà ńkọ́? Àwọn ọ̀dọ́ ló ń ro ó ní ọjọ́ tí ìlú bá dá, ẹni tí kò bá sì jáde yóò san owó ìtanràn. Gbogbo ìlú ló ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ọ̀nà náà ní ọjọ́ kejì, ojú wọn sì ni iṣẹ́ náà wà. Ẹni tó bá fi owó tàbí agbára rẹ̀ sílẹ̀ ń rí ibi tó lọ.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti sọ irú ìgbẹ́kẹ̀lé yìí di òfin. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 2004 ní kí ó kéré tán ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún (80%) owó tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ àlejò dúró sí ibi tí wọ́n ti gbà á, kí wọ́n fi tún ọ̀nà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti àwọn ohun èlò ibẹ̀ ṣe. Nítòsí wa, ní Rwanda, wọ́n sọ owó ìwé àṣẹ láti wo ìnàkí inú igbó di dọ́là 1,500 láti 750 ní ọdún 2017. Wọ́n sì sọ ìpín tí àwọn ará abúlé tó yí àwọn igbó ìjọba wọn ká ń gbà nínú owó ìgbafẹ́ di ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, láti ìdá márùn-ún. N kò sọ pé kí a pe owó tiwa tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé nígbà tí owó gòkè, ìpín ará ilé náà gòkè.

Ó yẹ kí a tún bi ara wa pé àtúnṣe wo ni a ń wí. Ibi kọ̀ọ̀kan ní ohun tó tọ́ sí i. Lórí òkè Ìdànrè, àtẹ̀gùn tó lé ní 660 ló gbé àlejò dé ìlú àtijọ́ tí àwọn ènìyàn fi sílẹ̀ ní ọdún 1923 nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá sí ẹsẹ̀ òkè, àwọn ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà. Ilé ni òkè náà jẹ́ kí ó tó di ibi ìgbafẹ́: ààfin Ọwá wà lórí rẹ̀. Ohun tí irú ibẹ̀ ń fẹ́ ni omi mímu, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹni tí àárẹ̀ bá mú, àti olùtọ́sọ́nà tó mọ ìtàn dáadáa. Ní Olúmọ, níbi tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà tí wọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó ní ọdún 1830, wọ́n fi ẹ̀rọ agbénisókè kún àtẹ̀gùn ní ọdún 2006. Àwọn kan ní ó ba ẹwà àpáta jẹ́. Èmi tí mo ti rí orúnkún ìyá mi kò lè bá wọn wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń fẹ́ iná, ó ń fẹ́ epo, ó ń fẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Rírà rẹ̀ rọrùn ju títọ́jú rẹ̀ lọ, títọ́jú yìí gan-an sì ni owó ẹnu ọ̀nà wà fún.

Ní Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí omi Olúmirìn ti ń já láti ìpele dé ìpele, méje gbáko, ohun tí mo gbà pé ó yẹ kó ṣáájú ni ọ̀nà tí ẹsẹ̀ kò ní yọ̀ lórí rẹ̀. Sìmẹ́ńtì púpọ̀ kò yẹ ibẹ̀. Ní Ìkògòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, tí wọ́n sì jọ ń ṣàn lọ, igi tó ṣíji bo ìsun náà ni ọrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá gé igi láti kọ́ ilé ìtura ti fi owó àlejò ba ohun tí àlejò wá wò jẹ́.

Ibì kan wà tí owó ẹnu ọ̀nà kò lè dé. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wà nínú ìwé ohun ìní àjọni gbogbo àgbáyé ti UNESCO láti ọdún 2005. Igbó náà wà, ère wà, ojúbọ wà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìwakùsà wúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti sọ omi odò náà di ẹlẹ́rẹ̀. Bí gbogbo àlejò bá san ìlọ́po mẹ́wàá, owó náà kò lè fọ omi tí wọ́n ń bà jẹ́ ní òkè odò. Iṣẹ́ òfin nìyẹn, iṣẹ́ ìjọba sì ni. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìmúratán àlejò bojú láti sá fún ojúṣe tirẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé, "Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni òkè àti omi, ta ló fún yín láṣẹ láti tà á?" Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ìdáhùn mi ni pé owó ìgbálẹ̀ ni a ń san, a kò san owó òkè. Ọlọ́run dá omi, kò gbẹ́ ṣáláńgá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù lọ́kàn mi ni ti tálákà. Ohun tí ìwádìí irú èyí máa ń fi hàn ni pé bí owó tó ń wọlé fún ènìyàn bá ṣe tó ni ìmúratán rẹ̀ ṣe ń tó. Bí a bá wá fi ìdáhùn olówó dá iye owó, ọmọ abúlé tó ń gbọ́ ìró omi náà láti orí ẹní rẹ̀ kò ní lè wọlé mọ́. Ìyá tó ń ta bọ̀ọ̀lì, tó fún ìyá mi ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kò gbọdọ̀ di àlejò ní ìlú ara rẹ̀.

Nítorí náà, èrò mi nìyí. Kí a fi owó kún owó ìwọlé, ṣùgbọ́n kí àtúnṣe kan tó ṣe é rí ṣáájú rẹ̀, kódà bó jẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo tó mọ́. Kí gbogbo ẹni tó bá sanwó gba rìsíìtì. Kí wọ́n kọ iye tó wọlé àti ohun tí wọ́n fi ṣe sí ara pátákó lẹ́nu ọ̀nà ní oṣooṣù, ní èdè Yorùbá tí ará ìlú lè kà. Kí ìpín kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ máa lọ sí ọwọ́ ìlú tó ni ibẹ̀. Kí ọmọ ìlú, ẹni tó wá bọ òrìṣà rẹ̀, àti ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó tẹ̀lé olùkọ́ rẹ̀ wá má san kọ́bọ̀. Níbi tí a bá ti ṣe èyí, mo dá yín lójú pé àwọn àlejò yóò sanwó, wọn yóò sì tún mú ẹlòmíràn wá.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nígbà tí ẹ bá tún lọ sí irú ibi báwọ̀nyí, ẹ san owó yín tayọ̀tayọ̀, kí ẹ sì dúró títí ẹ ó fi gba rìsíìtì yín. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rín lé yín wọlé bí wọ́n ṣe lé mi. Bí ẹgbẹ̀rún ènìyàn bá dúró bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń kì í bọ àpò yóò wá ìwé àti gègé.

Ìyá mi ṣì ń sọ̀rọ̀ omi náà fún àwọn ọmọ mi. Wọn kò sọ ti ọjọ́ tí a yí padà. Ti ìgbà èwe wọn ni wọ́n ń sọ, wọ́n sì máa ń parí rẹ̀ pé, "Ẹ ó mú mi dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan." Mo fẹ́ mú wọn lọ. Owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.